Àlàyé ọ̀rọ̀: Kí ni "àlàfo ohun amáyédẹrùn" tí wọ́n ń sọ nípa Éṣíà àti Pàsífíìkì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń lò lójoojúmọ́ tó máa ń ṣì wá lọ́nà díẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà, afárá, iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ, gbogbo wọn là ń pè ní ohun amáyédẹrùn. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé ìrọ̀rùn nìkan ni wọ́n wà fún: kí omi máa yọ nínú ilé, kí fáànù máa fẹ́ síni lára. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ ọrọ̀ ajé bá dárúkọ ohun amáyédẹrùn, irinṣẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí télọ̀ ò bá ní máṣíìnì, kò sí aṣọ tó máa rán tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni orílẹ̀-èdè ṣe nílò ọ̀nà, iná, omi, èbúté àti wáyà tẹlifóònù kí àwọn èèyàn ibẹ̀ tó lè ṣe ohun tí wọ́n máa gbé lọ sọ́jà.

"Kí ọrọ̀ ajé dàgbà" kò ju pé kí ohun tí wọ́n ṣe àti iṣẹ́ tí wọ́n jẹ ní orílẹ̀-èdè kan lọ́dún yìí pọ̀ ju ti èṣí lọ. Bó bá ń fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dọọdún, bí ọdún mẹ́wàá ni yóò fi di ìlọ́po méjì. Ẹ wá rò ó wò: ìlọ́po méjì ọjà, ìlọ́po méjì ọkọ̀ akẹ́rù, ìlọ́po méjì fíríìjì àti máṣíìnì tí wọ́n so mọ́ iná. Bí ọ̀nà àti iná bá ṣì wà bí wọ́n ṣe wà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló máa jẹ èrè yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Éṣíà nìyẹn. Bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá gbogbo èèyàn tó wà láyé ló ń gbé ní Éṣíà àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì, ọrọ̀ ajé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọn sì ti ń yára ju ọ̀nà àti iná wọn lọ. Lọ́dún 2017, ADB, ìyẹn báńkì ìdàgbàsókè ilẹ̀ Éṣíà tó wà ní Manila, gbé ìṣirò kan jáde tí àwọn èèyàn ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Wọ́n ní láti 2016 di 2030, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀ ní agbègbè náà máa nílò bíi tírílíọ̀nù 26 dọ́là fún ohun amáyédẹrùn, ìyẹn bíi tírílíọ̀nù 1.7 dọ́là lọ́dọọdún. Iná mànàmáná nìkan ló máa gbé ju ìdajì rẹ̀ lọ, tírílíọ̀nù 14.7. Ọ̀nà, ojú irin àti èbúté máa gba 8.4. Ti tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ 2.3. Omi àti ìmọ́tótó ló gbẹ̀yìn, bíi bílíọ̀nù 800 dọ́là.

Àlàfo wá dà? Ohun tí wọ́n nílò ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ yọ ohun tí wọ́n ń ná kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ni àlàfo. Nígbà tí ADB ṣe ìṣirò yẹn, orílẹ̀-èdè 25 tí wọ́n yẹ ìwé wọn wò ń ná bíi bílíọ̀nù 881 dọ́là lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n nílò lé ní tírílíọ̀nù 1.3. Ṣáínà ló sì ń ná apá tó pọ̀ jù nínú owó yẹn. Bí ẹ bá yọ Ṣáínà kúrò, àlàfo àwọn yòókù tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí ọrọ̀ ajé wọn ń mú wá. Lára àwọn tó ń gbé inú àlàfo yẹn nígbà náà ni àwọn mílíọ̀nù 400 tí kò ní iná mànàmáná, mílíọ̀nù 300 tí kò rí omi tó ṣeé mu, àti bílíọ̀nù kan ààbọ̀ tí kò ní ilé ìgbẹ́ gidi.

Odò Padma ní Bangladesh ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti yé èèyàn jù. Odò ńlá ni, òun ló ya gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà nípá sí Dhaka tó jẹ́ olú ìlú. Títí di 2022, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò sọdá ní Mawa. Awakọ̀ tó kó ẹja tàbí ẹ̀fọ́ á wọ ìlà, á máa retí. Bí ìkùukùu bá bo odò lásìkò òtútù, ọkọ̀ ò ní lè lọ, ẹja ò sì mọ̀ pé ìkùukùu wà. Owó ìdúró yẹn wà nínú iye tí ará Dhaka ń ra ọjà. Ó tún wà nínú ohun tí àgbẹ̀ òdìkejì kò gbìn rárá, torí ó ti mọ̀ pé yóò rà kó tó débẹ̀. Apá kejì yìí ni àwọn èèyàn kì í kà mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ń ka ẹ̀fọ́ tí a kò gbìn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n ṣí afárá kan tó gùn ní kìlómítà 6.15 sórí odò náà. Mọ́tò ń gba òkè, ọkọ̀ ojú irin ń gba abẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀. Agbègbè ìjọba 21 ni afárá náà so mọ́ olú ìlú. Odò tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun máa sọdá rẹ̀ lónìí wá di ohun tí mọ́tò ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Bí wọ́n ṣe rówó rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Báńkì Àgbáyé ti ṣèlérí láti yá wọn ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là, ṣùgbọ́n lọ́dún 2012 ó fa ọwọ́ sẹ́yìn nítorí ẹ̀sùn rìbá. Ìjọba Bangladesh ní kò burú, àwọn á fi owó ara àwọn kọ́ ọ. Wọ́n sì kọ́ ọ, ó gbà wọ́n ju bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ kan ní Kánádà dá àwọn tí wọ́n bá ṣẹjọ́ níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn náà sílẹ̀. Owó tí mọ́tò ń san kó tó gun afárá ni wọ́n fi ń dá owó ìjọba padà díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣáà ti kọ́ ló ń dí àlàfo. Ibi tí ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdàgbàsókè, "tó tọ́jọ́", ti wọlé nìyí. Ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ ni èyí tí kò ní fi gbèsè tí apá kò ká sọ́rùn àwọn ọmọ, tí kò ní ba omi àti afẹ́fẹ́ wọn jẹ́, tí ohun tí wọ́n kọ́ á sì ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn tó gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ bá ti fẹ̀yìn tì.

Ní Sri Lanka, wọ́n yáwó ní Ṣáínà, wọ́n fi kọ́ èbúté ńlá sí Hambantota ní gúúsù, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2010. Àìmọye ọkọ̀ òkun ló ń gba ibẹ̀ kọjá, torí ojú ọ̀nà láti ìlà-oòrùn Éṣíà lọ sí Yúróòpù ni. Àmọ́ pé ọkọ̀ ń kọjá níwájú ilé ẹni ò ní kó yà kí wa. Èbúté Colombo ni wọ́n ti mọ̀, Colombo ni wọ́n ń yà sí. Wọ́n tún kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí Mattala nítòsí ibẹ̀, wọ́n ṣí i lọ́dún 2013. Ọkọ̀ òfurufú kò wá, ó sì dé ibi tí wọ́n ń kó ìrẹsì pamọ́ síbẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n fi èbúté náà háyà fún ilé iṣẹ́ kan láti Ṣáínà fún ọdún 99, wọ́n gba bílíọ̀nù 1.12 dọ́là.

Mo fẹ́ bá àwọn kan jiyàn díẹ̀ níbí. Wọ́n máa ń sọ pé Ṣáínà fi gbèsè gba èbúté mọ́ Sri Lanka lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Owó háyà yẹn wọ àpò ìjọba, gbèsè tí wọ́n fi kọ́ èbúté ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ra bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìjọba ń tà, lọ́jà àgbáyé ni wọ́n jẹ ní gbèsè ju Ṣáínà lọ. Nígbà tí Sri Lanka sì wá sọ ní 2022 pé òun ò lè san gbèsè ilẹ̀ òkèèrè mọ́, tí àwọn èèyàn ń sùn sórí ìlà epo, owó orí tí ìjọba gé kù ní 2019 àti àrùn Kòrónà tó lé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀bi èbúté ni pé dọ́là ni wọ́n yá láti fi kọ́ ọ, kò sì pa dọ́là tó máa san án.

Ti Pàsífíìkì tún yàtọ̀. Nínú tírílíọ̀nù 26 yẹn, ó lé ní mẹ́ta tó jẹ́ ti àyípadà ojú ọjọ́ nìkan: kí wọ́n gbé ọ̀nà sókè kí omíyalé má bàa gbé e lọ, kí wọ́n fi oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ pèsè iná dípò èédú. Àwọn erékùṣù ni ẹrù yìí wúwo fún jù. ADB ṣírò pé ohun amáyédẹrùn tí Pàsífíìkì nílò tó ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé wọn, nígbà tí ti ìlà-oòrùn Éṣíà kò ju bíi márùn-ún lọ. Ìdí rẹ̀ kò le. Èèyàn bí ọ̀kẹ́ márùn-ún ló wà ní Tonga, nígbà tó fi máa di 2022, wáyà abẹ́ òkun kan ṣoṣo ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún wọn láti Fiji, ó gùn ju kìlómítà 800 lọ. Bí wọn ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, gígùn wáyà náà kò ní yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, òkè oníná bú gbàù lábẹ́ òkun, wáyà já. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kó tó padà sípò ní erékùṣù tó tóbi jù.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti omi Phnom Penh, olú ìlú Cambodia, torí ó fi hàn pé àlàfo lè wà níbi tí ojú kò tó. Ní 1975, àwọn Khmer Rouge, ìyẹn àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọ́múníìsì tó gba ìjọba, lé gbogbo ará ìlú náà jáde. Nígbà tí àwọn èèyàn fi máa padà, páìpù ti gbó, ìwé àkọsílẹ̀ ti sọnù. Ní 1993, Ek Sonn Chan di ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi. Nínú gbogbo omi tí wọ́n ń fà, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń tì sínú páìpù nígbà náà, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Ẹni tó pọn garawa mẹ́wàá, méje ti lọ kó tó délé. Òmíràn ń jò sínú ilẹ̀, òmíràn ni wọ́n jí fà, òmíràn ń lọ sílé àwọn ọ̀gágun tí kò sẹ́ni tó lè mú ìwé owó omi lọ bá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà gan-an ń gba owó lábẹ́lẹ̀ láti so páìpù fún èèyàn. Tálákà tí páìpù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń ra omi lọ́wọ́ alágbàtà, ní iye tó ju èyí tí olówó ń san lọ.

Ká ní ẹnì kan wá ṣírò àlàfo ìlú yẹn lọ́jọ́ náà, yóò ní wọ́n nílò ilé iṣẹ́ omi tuntun. Kò ní parọ́. Jàpáánù, Faransé, Báńkì Àgbáyé àti ADB náà gbé owó wá, wọ́n sì kọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú omi tuntun sínú páìpù tó ń jò, méje náà ló máa ṣòfò nínú mẹ́wàá. Mítà tó ń ka iye omi tí ilé kan lò ni Chan fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé ló ní kí wọ́n ṣe é sí, títí kan ilé iṣẹ́ ìjọba. Ìtàn tó tàn kálẹ̀ ni pé nígbà tó lọ so mítà sílé ọ̀gágun kan, ọkùnrin náà gbé ìbọn sí i lórí. Ó padà lọ, ó kó àwọn tó dìhámọ́ra wá, wọ́n sì gé omi ilé náà. Ó lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jalè, ó fi owó kún owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ kí tálákà máa san owó ìsopáìpù díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó fi máa lo nǹkan bí ọdún 15 níbẹ̀, ìdá bíi mẹ́fà péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣòfò, ó sàn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ńlá Yúróòpù lọ. Omi tó ń yọ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ ń yọ tọ̀sán-tòru. Ilé iṣẹ́ náà tiẹ̀ ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn máa fi kún owó omi kí àwọn tó lè gbọ́ bùkátà ara àwọn. Wọ́n fi kún un ní 1997, wọ́n tún fi kún un ní 2001. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò wáyé. Àwọn tó ń lo omi ti ń san owó rẹ̀, ó sì tó.