Philodendron spiritus-sancti: bí òdòdó olówó gọbọi yìí ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ná, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á rí "spiritus-sancti" wọ́n á ní bóyá torí ewé ẹ̀ tó rẹwà ni wọ́n ṣe fi Ẹ̀mí Mímọ́ pè é. Rárá o, orúkọ ilẹ̀ tó ti hù ló ń jẹ́. Lọ́dún 1535, Potogí kan, Vasco Fernandes Coutinho, gúnlẹ̀ sí etíkun Brazil, ó bọ́ sí àsìkò Pẹ́ńtíkọ́sì, ló bá sọ ibẹ̀ ní Espírito Santo, ìyẹn Ẹ̀mí Mímọ́, ibẹ̀ náà ló di ìpínlẹ̀ Espírito Santo tòní. Igbó ibẹ̀ nìkan lòdòdó yìí ti ń dá hù, kò sí níbòmíì.

Orúkọ Philodendron tiẹ̀, tí gbogbo ẹbí ewéko ẹ̀ ń jẹ́, ọmọ Austria kan tó ti gbé Brazil rí, Heinrich Schott, ló mú un wá ní 1829, èdè Gíríìkì ni, olólùfẹ́ igi ló túmọ̀ sí, ó sì rò ó torí ara igi ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gùn. Èyí tá à ń sọ yìí náà ń gun igi, ewé ẹ̀ ló kàn yàtọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ, á rọ̀ wálẹ̀ bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, etí méjì á wá nà lẹ́yìn ẹ̀ bíi ti ehoro. Ọdún 1987 ni onímọ̀ ewéko kan, George Bunting, tó fún un lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ẹ ò rí i pé kò tíì pẹ́.

Kí ló wá sọ ọ́ di góòlù? Ibi tó ti ń hù ò fẹ̀, wọ́n sì ti gé igbó yẹn gan-an torí oko kọfí àti màlúù, àwọn tó ń jí i wú nínú igbó tún dá kún un. Bíbí ẹ̀ náà le. Nínú òdòdó àwọn Philodendron, apá abo ló máa ń kọ́kọ́ gbó, kí akọ tó tú ìyẹ̀fun tó fi ń fún abo lóyún jáde, abo ti kásẹ̀ nílẹ̀, kòkòrò ọ̀bọnbọn ló ń bá wọn gbé e láti ibì kan dé ibòmíì nínú igbó. Ẹni tó ní ẹyọ kan ṣoṣo nílé ńkọ́? Àfi kó wá ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹlòmíì, kó fi sí fíríìjì, kó máa dúró de ìgbà tí tiẹ̀ máa yọ òdòdó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn díẹ̀ tó mọ ara wọn. Ìgbà tí Kòrónà wá há gbogbo ayé mọ́lé ní 2020 tí kálukú ń wá ewé gbìn, ẹyọ kan ń lọ fún ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́nà mélòó kan, lójú tèmi wèrè ni.

Láàbù ló gba èyí tó kù ṣe. Tissue culture ni wọ́n ń pè é, wọ́n á gé bíńtín lára ewéko, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú oúnjẹ ẹ̀, ọ̀kan á di ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ, owó ẹ̀ sì já wálẹ̀ wìì. Àmọ́ kí ẹni tó bá ra ọmọdé ẹ̀ má pariwo pé wọ́n lu òun ní jìbìtì o, ewé kékeré tó máa kọ́kọ́ yọ ò jọ ti àgbà rárá, ó máa tó ọdún mélòó kan kí etí ehoro yẹn tó jáde.