Kindergarten Cop (fíìmù ọdún 1990)

Kindergarten Cop jẹ́ fíìmù ìjà alápanilẹ́rìn-ín láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1990. Ivan Reitman ló darí rẹ̀ fún Universal Pictures. Arnold Schwarzenegger ló ṣe John Kimble, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá Los Angeles tí iṣẹ́ sọ di olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní ìlú kékeré kan létí omi. Owó tó pa káàkiri àgbáyé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 202 dọ́là. Ẹni tó bá tún un wò lónìí yóò rí i pé fíìmù méjì ni wọ́n rán pọ̀: ọ̀kan jẹ́ ìtàn ọ̀daràn tó le koko, èkejì jẹ́ eré inú kíláàsì. Èkejì yìí ni àwọn ènìyàn ń rántí.

Ìtàn inú fíìmù náà

Ó ti pẹ́ tí Kimble ti ń lépa Cullen Crisp, ọ̀gbójú oníṣòwò oògùn olóró. Nígbà tí Crisp yìnbọn pa ọkùnrin kan tó ń tú àṣírí fún un, ọ̀dọ́bìnrin kan tí oògùn olóró ti di bárakú fún ló ṣojú rẹ̀, ẹ̀rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì lè fi gbogbo ara múlẹ̀ nílé-ẹjọ́. Àwọn ọlọ́pàá wá ní kí àwọn wá ìyàwó Crisp tó ti kó ọmọkùnrin wọn sá lọ, kí ó lè wá jẹ́rìí. Astoria ní ìpínlẹ̀ Oregon ló sá sí. Wọ́n mọ ilé-ìwé tí ọmọ náà ń lọ àti kíláàsì tó wà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ orúkọ tuntun tí ìyá àti ọmọ ń jẹ́.

Phoebe O'Hara, ọlọ́pàá obìnrin tó ti ṣe olùkọ́ rí, ló yẹ kó wọ kíláàsì náà. Kimble kàn ń bá a rìn ni. Àmọ́ inú rírun dá O'Hara dùbúlẹ̀, ni ọkùnrin tí kò kọ́ ọmọ kankan rí bá di olùkọ́ tipátipá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kíláàsì ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jágbe mọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n bú sẹ́kún. Ohun tó kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ ni ferret rẹ̀, ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ onírun kan tó ń sìn nílé, tó gbé wá kí àwọn ọmọ lè fi ṣeré. Lẹ́yìn náà ló ronú kan ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ra fèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ ọdún márùn-ún lẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni pé ọlọ́pàá tuntun ni wọ́n: ìlà títò, eré sísá, títẹ̀lé àṣẹ ní wéré. Ó yani lẹ́nu pé àwọn ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, òun náà fẹ́ràn wọn.

Láàárín àkókò yìí, ó ń bá olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Joyce Palmieri, ṣe wọlé-wọ̀de. Ọmọ Joyce, Dominic, wà nínú kíláàsì rẹ̀. Òǹwòran yóò ti fura tipẹ́ kí Kimble tó mọ̀ pé Joyce gan-an ni ìyàwó tí wọ́n ń wá. Ní Los Angeles, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ kú nípa oògùn olóró tí wọ́n ti ba jẹ́, wọ́n sì dá Crisp sílẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀, Eleanor, mú ọ̀nà Astoria pọ̀n. Crisp dáná sun yàrá ìkàwé ilé-ìwé kí ó lè rí ọmọ náà jí gbé nínú rúkèrúdò. Ferret náà bù ú jẹ, ọmọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbọn dún, Crisp kú. O'Hara, tí Eleanor ti fi ọkọ̀ gbá ṣáájú, ló fi igi béésìbọ́ọ̀lù dá ìyá náà dúró. Nígbà tí ara Kimble, tí ìbọn ti bà nínú ìjà náà, yá, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó padà sí kíláàsì.

Inú kíláàsì

Ibi tí ọgbọ́n àwọn akọ̀tàn hàn jù ni bí wọ́n ṣe sọ iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ di eré ọmọdé. Kimble nílò láti mọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ṣùgbọ́n kò lè mú àwọn ọmọ lọ sí àgọ́ láti fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ó wá dá eré kan sílẹ̀ níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ti sọ ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìdáhùn tó ń bọ̀ wá kún fún àṣírí ilé oríṣiríṣi, èyí tí àwọn òbí ìbá fẹ́ kó wà lábẹ́ aṣọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò wúlò fún ìwádìí rẹ̀ rárá, àmọ́ òǹwòran ti rẹ́rìn-ín, ó sì ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni bàbá wọn kò sí nítòsí. Kimble náà ní ọmọkùnrin kan tí òun àti ìyá rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, tí kì í sì í rí. Fíìmù náà kò pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rín náà.

Ìran mìíràn tí kò ṣeé gbàgbé ni ti ẹ̀fọ́rí. Kimble ní orí ń fọ́ òun, ọmọ kan dá a lóhùn pé ó lè jẹ́ kókó inú ọpọlọ ló fà á. Bí Schwarzenegger ṣe fi ohùn Austria rẹ̀ jiyàn pé kókó kọ́ ni ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ṣẹ̀fẹ̀ káàkiri ayé. Ọmọ mìíràn tún wà, tí Miko Hughes ṣe, tó máa ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ ara ọkùnrin àti obìnrin fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Apá kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rín. Kimble ṣàkíyèsí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, Zach, ní àpá lára, ó sì mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ló ń lù ú. Ó lu bàbá náà nínú ọgbà ilé-ìwé lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá ilé-ìwé pè é sí ọ́fíìsì. Dípò kí ó bá a wí, ó bi í bí ó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tó gbá ọkùnrin náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Lọ́dún 1990, ìran yìí ń mú àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Òǹwòran òde òní lè béèrè ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ààbò ọmọdé wà, kí olùkọ́ tó sọ ara rẹ̀ di adájọ́.

Àwọn òṣèré

Pamela Reed ló ṣe O'Hara, òun ló sì ń gbé apá ìtàn tí àwọn ọmọ kò sí ró. Obìnrin náà kì í yé jẹun, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Kimble balẹ̀ kó tó fèsì. Nígbà tó ní láti díbọ́n pé arábìnrin Kimble ni òun, òun náà gbé ohùn Austria sẹ́nu. Penelope Ann Miller ni Joyce, Richard Tyson sì ni Crisp. Carroll Baker, tí àwọn àgbà òǹwòran mọ̀ láti inú Baby Doll ti ọdún 1956, ló ṣe Eleanor. Ó bani lẹ́rù ju ọmọ rẹ̀ lọ.

Linda Hunt ni ọ̀gá ilé-ìwé, Miss Schlowski. Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ Oscar tẹ́lẹ̀ fún The Year of Living Dangerously, nínú èyí tó ti ṣe ipa ọkùnrin. Obìnrin kúkúrú ni, Schwarzenegger sì rí gìrìwò, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin yìí ṣe ń gbọ̀n níwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọminú sí olùkọ́ tuntun náà, ó ń yọjú wo kíláàsì rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Àwọn ìbejì, Joseph àti Christian Cousins, ló pín ipa Dominic ṣe. Irú ètò yìí wọ́pọ̀ ní Hollywood, nítorí òfin kò gbà kí ọmọdé ṣiṣẹ́ pẹ́. Ẹni tó bá lajú dáadáa yóò tún rí Angela Bassett gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

Bí wọ́n ṣe ṣe é

Murray Salem ló ronú ìtàn náà, òun, Herschel Weingrod àti Timothy Harris sì kọ ọ́. Weingrod àti Harris wà lára àwọn tó kọ Twins (1988), fíìmù tí Reitman ti kọ́kọ́ fi hàn pé Schwarzenegger lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ìlú Komárno ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Czechoslovakia nígbà náà ni wọ́n bí Reitman sí, Kánádà ló sì dàgbà sí. Òun náà ló darí Ghostbusters (1984). Òun àti Schwarzenegger tún padà ṣe Junior ní 1994. Reitman kú ní oṣù Kejì ọdún 2022.

Ẹni tó di kámẹ́rà mú ni Michael Chapman, ẹni tó ya Taxi Driver àti Raging Bull. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ìran Los Angeles fi ṣú dùdù bẹ́ẹ̀, tí Astoria sì mọ́lẹ̀ kedere bí ilé ẹni. Randy Edelman ló ṣe orin rẹ̀. Astoria wà níbi tí odò Columbia ti ń ṣàn wọ Òkun Pàsífíìkì. Wọ́n fi orúkọ John Jacob Astor, oníṣòwò awọ ẹran onírun, sọ ìlú náà. Ilé-ìwé tó wà nínú fíìmù náà jẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gidi, John Jacob Astor Elementary School. Wọ́n ti ya The Goonies (1985) ní ìlú yìí kan náà, àwọn olólùfẹ́ fíìmù sì ń lọ síbẹ̀ títí di òní láti wo àwọn ibi tí wọ́n mọ̀ lójú amóhùnmáwòrán.

Ààyè rẹ̀ nínú iṣẹ́ Schwarzenegger

Schwarzenegger, tí wọ́n bí ní abúlé Thal ní Austria lọ́dún 1947, ti gba orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìbọn àti iṣan ń sọ̀rọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà tó ń wo kásẹ́ẹ̀tì fídíò nígbà náà, “Kọmándò” ni wọ́n ń pè é. Ní àárín ọdún 1990 kan náà, Total Recall rẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ní 1991, ó ṣe Terminator 2, níbi tí ẹ̀rọ apànìyàn ti di alágbàtọ́ ọmọkùnrin kan tó sì kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ pa ènìyàn mọ́. Kindergarten Cop ló wà láàárín méjèèjì, inú rẹ̀ sì ni ìyípadà náà ti hàn kedere jù: òṣèré tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù wá di ẹni tí ọmọdé ń fà láṣọ. Ní 1990 yìí náà ni Ààrẹ George H. W. Bush fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí eré ìmárale, ó sì ń rìn láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ láti gba àwọn ọmọ ilé-ìwé níyànjú pé kí wọ́n máa ṣeré ìdárayá. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ṣe kàyéfì pé fèrè náà bá a lẹ́nu mu. Ó di gómìnà California láti 2003 sí 2011.

Bí wọ́n ṣe gbà á

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan, fíìmù náà pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 91 dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Home Alone ti gba ilé sinimá kan ní ọdún Kérésìmesì yẹn. Ohùn àwọn aṣelámèyítọ́ kò ṣọ̀kan. Roger Ebert fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn mìíràn ní ìwà ipá inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ohun tí wọ́n polówó bí eré ìdílé, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìdí: obìnrin kan kú nípa oògùn olóró, wọ́n jí ọmọ gbé, wọ́n yìnbọn nínú ilé-ìwé. PG-13 ni wọ́n fún un, èyí tó ń kìlọ̀ fún òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún 13, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún ni gbogbo àwọn tó ń dẹ́rìn-ín pa ènìyàn nínú rẹ̀.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbilẹ̀, àwọn ènìyàn gé ohùn Kimble sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń fi pe àwọn aláìmọ̀kan lórí fóònù láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2016, Kindergarten Cop 2 jáde lórí díìsìkì láìgba ilé sinimá kọjá. Dolph Lundgren ló ṣe aṣojú FBI tó di olùkọ́ nínú rẹ̀, Don Michael Paul ló darí rẹ̀. Schwarzenegger kò sí níbẹ̀, kò sì sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.

Àríyànjiyàn ọdún 2020

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Northwest Film Center ní Portland, ìlú tó tóbi jù ní Oregon, fẹ́ fi fíìmù náà ṣí ètò sinimá tí àwọn ènìyàn ń wò látinú ọkọ̀ wọn, láti sàmì ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ṣe é. Ìgbà náà ni ìwọ́de lórí ikú George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá pa, ń gbóná ní Portland, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà sì ti kéde ní oṣù Kẹfà pé ọlọ́pàá kò ní máa ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìwé òun mọ́. Òǹkọ̀wé kan ní ìlú náà ṣàtakò: ó ní kò sí ẹ̀rín nínú kí ọlọ́pàá wà láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, pàápàá lójú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ilé-ìwé ń tì sọ́nà ẹ̀wọ̀n. Àwọn alákòóso yọ fíìmù náà kúrò, wọ́n fi fíìmù nípa John Lewis, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ ènìyàn tó kú ní oṣù Keje ọdún yẹn, rọ́pò rẹ̀.

Àwọn tó gbèjà fíìmù náà sọ pé eré lásán ni. Èsì yẹn kò tó, nítorí àtakò náà kò sọ pé ìtàn gidi ni. Ohun tí wọn ì bá tọ́ka sí wà nínú ìtàn náà fúnra rẹ̀: Kimble kò fi àmì ọlọ́pàá han àwọn ọmọ títí ewu fi dé, kò mú ọmọ kankan, ìbọn tó gbé wọ ilé-ìwé kò sì ràn án lọ́wọ́ láti kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣàtakò náà lè dáhùn pé ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ló fi mú kíláàsì náà dúró, àwọn ọmọ náà sì ń dáhùn sí fèrè rẹ̀ títí ìtàn fi parí.