Plátínọ̀mù inú àpáta onípele Bushveld

Àpáta onípele Bushveld, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè South Africa, ni ibi tí plátínọ̀mù pọ̀ sí jù lọ lágbàáyé. Ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 2.06 sẹ́yìn ni mágímà, ìyẹn àpáta tí ooru inú ilẹ̀ ti yọ́, ru gòkè, tó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ilẹ̀, tó sì rọra dì. Pàládíọ̀mù, ródíọ̀mù, rùtẹ́níọ̀mù, ìrídíọ̀mù àti ọ́símíọ̀mù, tí wọ́n jẹ́ ẹbí plátínọ̀mù, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ìpele
Bí mágímà ṣe ń tutù, oríṣiríṣi ẹ̀yà òkúta ń dì nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Létí odò Dwars, ní Bushveld, ojú lásán rí i: kírómáìtì, ẹ̀yà òkúta tó ní kírómíọ̀mù, dúdú bí èédú, ó tẹ́ lórí òkúta funfun, funfun tún lé dúdú, àwọn ìlà náà ń pínyà, wọ́n sì tún ń so pọ̀.

Iṣẹ́ imí-ọjọ́
Nínú mágímà tó bí Bushveld, plátínọ̀mù inú tọ́ọ̀nù kan kò ju ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù lọ. Kò sí awakùsà tí ìyẹn lè pa owó fún. Imí-ọjọ́ ló kó o jọ. Ìwọ̀nba imí-ọjọ́ ni mágímà lè gbà mọ́ra. Bó bá ti kún jù, imí-ọjọ́ á di mọ́ irin, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì, á sì ya sọ́tọ̀ ní ẹ̀kán kéékèèké, bí epo pupa ṣe ń ya lára omi ọbẹ̀. Epo ń léfòó ní tirẹ̀. Ẹ̀kán wọ̀nyí wúwo, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń rì lọ. Plátínọ̀mù sì ń rọ́ wọnú wọn, débi pé ìwọ̀n rẹ̀ níbẹ̀ lè di ìlọ́po ẹgbẹẹgbàárùn-ún èyí tó ṣẹ́kù nínú mágímà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kán tó dúró sójú kan yóò gbọ́n plátínọ̀mù àyíká rẹ̀ tán, kò sì ní rí òmíràn. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ méjì, Campbell àti Naldrett, fi ìṣirò ṣàlàyé èyí ní 1979: bí mágímà tí ẹ̀kán bá fara kàn bá ṣe pọ̀ tó ni èrè rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ka mágímà tuntun tó ya wọlé, tó ru ti àtijọ́ pọ̀, sí pàtàkì.

Àwọn kan tako èyí. Wọ́n ní omi gbígbóná tó ní klórínì nínú, tó ń gòkè láti inú àpáta tó ń dì nísàlẹ̀, ló gbé plátínọ̀mù náà wá. Ó jọ pé ẹ̀rí imí-ọjọ́ ló lágbára jù, àmọ́ irú omi bẹ́ẹ̀ lè ti tún plátínọ̀mù náà pín kiri lẹ́yìn náà.

Merensky àti UG2
Ní 1924, àgbẹ̀ kan, Andries Lombaard, rí plátínọ̀mù nínú iyanrìn odò. Hans Merensky, onímọ̀ nípa ilẹ̀, tọpa rẹ̀ dé ìpele tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ìpele náà kì í sábà nípọn ju mítà kan lọ. UG2, ìpele mìíràn tí kírómáìtì kún inú rẹ̀, wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú méjèèjì, gíráàmù mélòó kan péré ni irin iyebíye inú tọ́ọ̀nù òkúta kan.

Ibòmíràn
Irú àpáta yìí tún wà ní Great Dyke ní Zimbabwe, tó gùn tó 550 kìlómítà, àti ní Stillwater ní Montana, Amẹ́ríkà, níbi tí pàládíọ̀mù ti pọ̀ ju plátínọ̀mù lọ.