Inú Àáró Ni Eré Òṣìṣẹ́ Ti Wá: Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Láti Ilẹ̀ Okun

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ṣàṣà ni ọ́fíìsì láti Kàbbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í kóra jọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti jẹ, láti mu, kí wọ́n sì ṣeré fún ara wọn. Akápò á dìde, á sín ọ̀gá jẹ. Obìnrin tó ń tẹ̀wé á dárin, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á jó wọlé nínú aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ló kó àṣà yìí bọ̀ pẹ̀lú Kérésì wọn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Inú àáró ni eré òṣìṣẹ́ ti wá, orí ebè ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, àwa Okun, ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, sì wà lára àwọn tó gbé e wọ ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ ká wo àáró dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ orí á fi iṣẹ́ wọn pa pọ̀: lónìí gbogbo wọn wà lóko ẹnì kan, lọ́la wọ́n á kọjá sóko ẹlòmíràn, títí tí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bẹ ọ̀wẹ̀, pàápàá ọkùnrin tó fẹ́ kọ ebè fún bàbá ìyàwó rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e lọ. Kò sówó nínú méjèèjì. Oúnjẹ ni olóko fi ń dúpẹ́: iyán, ọbẹ̀ tó lẹ́ran, ẹmu, ọtí ọkà.

Láti ìdájí ni orin ti ń lọ. Ẹnì kan á lé e, ìyókù á gbè é, ọkọ́ á máa bá ohùn rìn. Ẹni tó bá ṣáájú lórí poro, wọn á kì í. Ẹni tó bá gbẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ á bọ́ sínú orin, kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi tán tí iyán délẹ̀ ni eré gan-an á wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn á dìde, á máa rìn bí olóko ṣe ń rìn, á máa húkọ́ bó ṣe ń húkọ́, á fi hàn bó ṣe ń rọ ẹmu díẹ̀díẹ̀ sínú igbá àlejò. Olóko fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wò ó, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a bá bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni a ń sín jẹ. Kí ni akápò ń ṣe sí ọ̀gá lóṣù Kejìlá tó yàtọ̀ sí èyí?

Kí ló dé tó fi rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Adé Ọbáyẹmí, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ ọmọ Okun, ti ṣàlàyé pé ìlú kéékèèké ni àwọn baba wa fi ṣèjọba, láìsí ọba kan ṣoṣo tó jẹ lé gbogbo wọn lórí. Owé wà láyè rẹ̀, Ìjùmú wà láyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Níbi tí kò bá ti sí ààfin ńlá, ta ni yóò máa bọ́ ogunlọ́gọ̀ òṣèré láti ọdún dé ọdún? Àwọn ẹlẹgbẹ́ ni yóò ṣeré fún ẹlẹgbẹ́. Mo gbà pé bó ṣe rí nìyẹn láti ayé àtijọ́, ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé kíkọ lágbègbè wa.

Lẹ́yìn náà ni ogun Nupe dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn jagunjagun Bídà, olú ìlú Nupe, kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lẹ́rú, àwọn kan sá gorí òkè. Lákòókò yẹn, ta ló jẹ́ dá lọ sóko? Èrò mi ni pé ìbẹ̀rù yìí ló sọ ẹgbẹ́ àáró di ńlá: àwọn kan ń kọ ebè, àwọn kan ń ṣọ́nà, orin sì ni wọ́n fi ń mọ̀ pé gbogbo èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Bí orin bá dákẹ́ lápá kan oko, ewu dé nìyẹn. Ìwọ̀nba eré tí wọ́n bá ṣe nírọ̀lẹ́ ló ń tú wọn nínú. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ ìṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, dé Kàbbà, tí àwọn ọmọ ogun Nupe sì sá. Bídà ṣubú lóṣù kan náà. Oko wá ṣí sílẹ̀ padà, àáró sì ti di ohun tí kò sẹ́ni tó lè fi sílẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á ní alárìnjó ni ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á sì tọ́ka sí eré tí Aláàfin ní kí wọ́n ṣe fún Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, ní Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dún 1826, níbi tí òṣèré kan ti sín òyìnbó jẹ. Òótọ́ ni, ìyẹn sì yẹ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ ni eré jẹ́ fún alárìnjó, ẹni tó ń wò wọ́n kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ wọn. Àwọn mìíràn á dárúkọ Hubert Ògúndé, tó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Ìjọ ló ṣe é fún, kì í ṣe àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ti àwọn ajíhìnrere SIM (Sudan Interior Mission) náà wà, tí Tommy Titcombe tìtorí wọn dé Ẹ̀gbẹ̀ lọ́dún 1908. Eré Kérésì wọn dára, àmọ́ àwọn ọmọ ìjọ ló ń ṣe é. Ẹni tó ń ṣeré àti ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ jọ máa ṣiṣẹ́ kan náà kí a tó lè pè é ní eré òṣìṣẹ́.

Báwo ló ṣe wá dé ọ́fíìsì? Lọ́kọ́ja lọ̀nà rẹ̀. Àjàyí Crowther ti dá ibùdó ìjọ sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, nítòsí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, láti 1857, àwọn Sàró tó bá a wá, ìyẹn àwọn tó ti Sàró (Sierra Leone) padà wálé, sì gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí Lugard gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1900, ìlú náà ti kún fún akọ̀wé, sọ́jà àti aláàárù. Kí ni àwọn aláàárù tí wọ́n ru ẹrù láti ọ̀nà Kàbbà yóò ṣe nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀? Ohun tí wọ́n mọ̀ nílé ni wọ́n á ṣe: wọ́n á jókòó yí oúnjẹ ká, wọ́n á fi ẹni tó kọ́kọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà kọrin, wọ́n á sì sín ọ̀gá wọn jẹ. Àwọn akọ̀wé ń gbọ́ wọn, èdè ò sì dí wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo gbà pé àáró ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Kíkí wa pàápàá ṣàfihàn rẹ̀. “Okun o!” tí a fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóko náà ni ẹni tó bá gba gbohùngbohùn níbi àríyá ọ́fíìsì fi ń bẹ̀rẹ̀ títí dòní, gbogbo ilé á sì dá a lóhùn.

Ẹ wo àwọn eré tó ń dùn jù níbi àríyá òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, oko ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Orin tí a fi orúkọ ẹni tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ sí, orin ẹni tó gbẹ́yìn lórí poro ni. Sísín ọ̀gá jẹ ní òfin tirẹ̀: ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, a kì í fi àbùkù ara ṣeré, a kì í fi ọ̀fọ̀ ṣeré, ọ̀gá náà á sì fún un lóhun mímu nígbà tó bá parí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbàgbé òfin yìí, ìjà ni wọ́n fi túká. Àlọ́ àpamọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ méjì, ẹ̀ka ìṣirò owó dojú kọ ẹ̀ka ìlera. Ọ̀wọ́ kan á ké “Àlọ́ o!”, èkejì á dáhùn “Ààlọ̀!” Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kígbe pé ọmọrogùn ni. Ọ̀wọ́ tó bá kùnà ni yóò gbé oúnjẹ fún ìkejì. Ẹ tún lè gbé ọ̀rọ̀ tó ń kọ́ni lẹ́nu kalẹ̀, kí ẹni tó ń gbé ìwé kiri ọ́fíìsì àti ọ̀gá àgbà jọ pè é léraléra: “Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ní ọpọlọ lọ́pọ̀lọpọ̀.” Ọ̀gá ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣì í, nítorí gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀.

Ìyókù kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn èèyàn wa ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, irú Sunday Awóníyì ọmọ Mọ̀pà. Nígbà tí Kwárà dúró lọ́dún 1967, Ìlọrin di ibi iṣẹ́ wọn. Nígbà tí Kogí dúró ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, ọ̀pọ̀ padà sí Lọ́kọ́ja, wọ́n bá Ígálà àti Ebira pàdé nínú ọ́fíìsì kan náà, ijó tiwọn náà wọnú eré. Àwọn agùnbánirọ̀ tó ń ti ibùdó Asaya ní Kàbbà jáde mú eré orí ìtàgé àgọ́ wọn wá. Karaoke tí Daisuke Inoue dá sílẹ̀ ní Jàpáànù lọ́dún 1971 náà ti dé, bẹ́ẹ̀ ni DJ àti fídíò orí fóònù.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àríyá ọdún yìí ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì ní Yàgbà, ní Mọ̀pà-Mùrò, ní Ìjùmú àti ní Kàbbà-Bùnú: ẹ fi wákàtí àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, kí DJ tó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ iná.