Bí Ṣáínà ṣe yá ọ̀rọ̀ tó ń pe orílẹ̀-èdè ẹ̀ lọ́wọ́ Jàpáànù

Minzu làwọn ará Ṣáínà ń pe orílẹ̀-èdè, ìyẹn àwọn èèyàn tó gbà pé ìran kan náà làwọn. Téèyàn bá gbọ́ ọ, á rò pé àtayébáyé ni, àmọ́ kò tíì pé 130 ọdún tó di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Jàpáànù ló sì ti wá.

Ìyà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nínú ogun 1894 sí 1895, Jàpáànù tí Ṣáínà ń wò bí àbúrò tó wá kọ́wè nílé òun fẹ̀yìn ẹ̀ gbolẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Shimonoseki, Taiwan bá bọ́ lọ́wọ́ Ṣáínà. Ni wọ́n bá ní káwọn lọ wo nǹkan tí ọmọ kékeré yìí jẹ yó. Akẹ́kọ̀ọ́ 13 ni ìjọba kọ́kọ́ rán lọ ní 1896, ìgbà tó fi máa di 1906 wọ́n ti ń lọ sí 8,000, torí pé ó sún mọ́lé, owó ọkọ̀ ẹ̀ ò sì tó ti Yúróòpù rárá.

Ibi tó dùn jù nìyí. Àwọn ará Jàpáànù ti ń túmọ̀ ìwé òyìnbó láti bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, tí wọ́n bá wá bá èrò kan pàdé tí wọn ò lórúkọ fún, àmì ìkọ̀wé Ṣáínà méjì ni wọ́n sábà máa ń mú so pọ̀. Mú min, ará ìlú, fi zu, ìdílé tàbí ìran, tì í, ó di minzoku lẹ́nu tiwọn. Ọmọ Ṣáínà tó ṣí ìwé náà á rí àmì méjì tó ti mọ̀ láti kékeré, á pè é ní minzu, ó parí, kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ nǹkan kan fún un. Táwa bá yá mọ́tò tàbí fóònù, etí á gbọ́ pé àlejò ni, àmọ́ aṣọ onílé ni ọ̀rọ̀ tiwọn yẹn wọ̀ wọlé. Báyìí náà ni kokumin ṣe di guomin, ọmọ orílẹ̀-èdè. Geming tiẹ̀ tún yani lẹ́nu, inú ìwé àtijọ́ Ṣáínà ló wà tẹ́lẹ̀, pé ọ̀run ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìdílé ọba kan, Jàpáànù gbé e, ó fi pe ìyípadà ìjọba irú ti Faransé, Ṣáínà tún lọ yá ohun tó jẹ́ tiẹ̀ padà.

Ẹni tó kó èyí tó pọ̀ wọlé ni Liang Qichao, òǹkọ̀wé ọmọ Ṣáínà kan. Ó sá lọ sí Jàpáànù ní 1898 nígbà tí àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ ṣe láàfin forí ṣánpọ́n, ó ń tẹ ìwé ìròyìn ní Yokohama, ó sì kọ ìwé tó ń kọ́ni bí ẹni tó mọ Ṣáínà ṣe lè tètè máa ka ìwé Jàpáànù. Ní 1901 ó ké pé ohun tó tini lójú jù ni pé ilẹ̀ àwọn ò lórúkọ, torí Tang, Ming, Qing, orúkọ ìjọba ìdílé ọba ni gbogbo ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ zhonghua minzu sílẹ̀, òun ni wọ́n ń pè títí dòní.

Ṣùgbọ́n zu yẹn gbé wàhálà dání. Tó bá jẹ́ ìran ni orílẹ̀-èdè, àwọn Manchu, ẹ̀yà míì tó wà lórí oyè nígbà yẹn, ńkọ́? Àwọn òǹkọ̀wé bíi Zhang Binglin ní káwọn Manchu máa lọ, Liang ní ká kó gbogbo wa pọ̀, Jàpáànù ni wọ́n sì ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn, ibẹ̀ náà ni Sun Yat-sen, aṣáájú àwọn tó fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ ọba, àtàwọn yòókù ti dá ẹgbẹ́ Tongmenghui sílẹ̀ ní 1905 láti lé àwọn Manchu. Ìgbà tọ́ba lọ ní 1912 tán, ìjọba tuntun yíjú, ó ní ìran márùn-ún ló nilẹ̀, Manchu wà níbẹ̀, torí ta ló fẹ́ kí Tibet àti Mongolia tó wà lábẹ́ ọba yẹn bá a lọ?

Nígbà tí Jàpáànù wá ń fínná mọ́ wọn ní 1915 àti 1919, minzu àti guomin yìí kan náà ni wọ́n fi ta kò ó. Sun fúnra ẹ̀, Zhongshan ni wọ́n ń pè é nílé, ọ̀pọ̀ ìlú ní Ṣáínà ló ní títì Zhongshan, bẹ́ẹ̀ Nakayama ni, orúkọ ará Jàpáànù tó fi ń bo ara ẹ̀ nígbà tó sá pamọ́ síbẹ̀ ní 1897, àmì méjì kan náà, ẹnu ló yàtọ̀.