Ìwọ̀ Ni Kó Wà Láàárín, Kì Í Ṣe Abẹ́rẹ́

Fídíò tún ti dé. Oníbàárà mi kan gbé eṣinṣin tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì sórí tábìlì ìdáná, ó di fóònù mú, ó wá ń rìn yí tábìlì náà ká. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ di fọ́tò tí èèyàn lè fi ìka yí sọ́tùn-ún sósì. Mo wò ó tán. Mo rí fìríìjì, mo rí ìrù ajá, mo rí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Eṣinṣin nìkan ni mi ò rí dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá gbé láàárín àwọn apẹja ibí yìí, eṣinṣin tí mo ń wí kì í ṣe èyí tó ń bà lé ẹran lọ́jà. Ní Scotland níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fọ́tò, àwọn tó gbà pé àwọn mọ ẹja trout àti salmon pa kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ekòló. Ìyẹ́, irun ẹran àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò tó ń fa ojú ẹja mọ́ra; ìyẹn ni wọ́n ń pè ní eṣinṣin. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ló ń dúró fún ẹsẹ̀ kòkòrò, ìyẹ́ ọ̀kín sì ni wọ́n sábà máa ń wé mọ́ ara rẹ̀. Àwọn kan ń dì í fún odò. Àwọn mìíràn ń dì í fún férémù, irú bíi Jock Scott, eṣinṣin salmon àtijọ́ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó jẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ gan-an lè fi odindi ọjọ́ kan jókòó tì í. Ẹni tó fẹ́ rà á kò sí nítòsí, kò lè gbé e lọ́wọ́ yí wò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí idán níbẹ̀. Kámẹ́rà dúró sójú kan, eṣinṣin wà lórí àwo tí mọ́tò ń yí. Àwo á yí ní dígírì 10, a ó ya fọ́tò, á tún yí, a ó tún ya, títí fọ́tò yóò fi di 36. Ìka ẹni tó ń wò ó ló ń ṣí wọn tẹ̀ léra. Pé kí ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà máa fúnra rẹ̀ yan ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀, mi ò rò pé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìyẹn fún àgbàlagbà.

Àárín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àárín ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ra àwo ayípo á wá ojú àárín rẹ̀ kàn, á gún abẹ́rẹ́ síbẹ̀, á fi ìda oyin lẹ ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀ mọ́ orí abẹ́rẹ́, á ní ó parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló fi sáàárín! Ìwọ̀ ti na gbogbo ara síta sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí àwo bá sì ti ń yí, eṣinṣin á máa gbá kiri bí ilẹ̀kùn lára hínjì. Àárín ọ̀pá ìwọ̀, ìdajì ọ̀nà láti ihò tí okùn ń gbà wọlé dé ibi tó ti tẹ̀, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ wà gangan lókè àárín àwo. Abẹ́rẹ́ lè dúró síbi tó bá wù ú.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìwọ̀ nọ́ńbà 14, ọ̀pá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ká ní ibi tí kámẹ́rà ń rí fẹ̀ tó mìlímítà 20. Bí eṣinṣin bá fi mìlímítà 2 péré yẹ̀ kúrò láàárín, kí àwo tó yí po lẹ́ẹ̀kan, yóò ti lọ sọ́tùn-ún ní 2, yóò ti lọ sósì ní 2. Mìlímítà 4 nìyẹn, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo fọ́tò. Òòyì á kọ́ ẹni tó ń wò ó. Bẹ́ẹ̀, yóò tún sún mọ́ kámẹ́rà, yóò tún jìnnà sí i, ní mìlímítà 4 kan náà, nígbà tó jẹ́ pé bí a bá ń ya nǹkan ní ìwọ̀n bó ṣe tóbi gan-an sórí kámẹ́rà full-frame, èyí tí ojú ìgbàwòrán rẹ̀ tóbi bíi ti fíìmù àtijọ́, ní f/11, ìyẹn ìwọ̀n bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó, ibi tó lè hàn kedere kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1.3 lọ. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n kúkú dín ihò lẹ́ńsì kù dé f/32. Bí ihò yẹn bá ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á fọ́n, gbogbo fọ́tò á ṣe bàìbàì. Ohun tí à ń ṣe ni pé ní igun kọ̀ọ̀kan, a ó ya ọ̀pọ̀ fọ́tò, ojú kámẹ́rà á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìyẹ́ iwájú dé ti ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà á wá ṣa ibi tó mọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ sójú kan. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò 12 ní igun kan, tí igun sì jẹ́ 36, fọ́tò 432 nìyẹn fún eṣinṣin kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní owó mi ga, ẹ kú ìṣírò o.

Bí a ṣe ń rí àárín nìyí. Ẹ wo eṣinṣin láti ẹ̀gbẹ́ nínú kámẹ́rà, ẹ ṣàmì sí ibi tí àárín ọ̀pá ìwọ̀ bọ́ sí. Ẹ yí àwo ní dígírì 180, ẹ tún wò ó. Ibi tó bọ́ sí á ti yàtọ̀. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn ni kí ẹ fi sún eṣinṣin padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń sún, wọ́n á wá máa bú mọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bákan náà ní dígírì 90 àti 270, kí ẹ sì padà sí àkọ́kọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Iná kò gbọ́dọ̀ bá àwo yí. Ẹ fi ọ̀kan sẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú fọ́nrán ìyẹ́ kọjá. Bí àwo bá sì ti dúró, ẹ mú sùúrù kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà, torí ìyẹ́ ṣì ń gbọ̀n. Ẹnìkan gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan pé kí òun fín hairspray sí i kó lè dúró. Ó fín in. Gbogbo ìyẹ́ tó yẹ kó tú ká lẹ̀ mọ́ra, ó wá gbé e tọ̀ mí wá pé kí n tún un ṣe nínú kọ̀ǹpútà.

Òmíràn kò ní gbé eṣinṣin tuntun wá, àfi èyí tó ti pa ẹja, torí ó ní orí rẹ̀ dára. Ẹja ti jẹ ẹ́ wúruwùru, òwú ti tú. Mo ní ẹja kọ́ ló ń rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ká tiẹ̀ ní ẹja ni, ìsàlẹ̀ ló ti ń wo eṣinṣin, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ya fọ́tò ìyípo kejì láti abẹ́ fún ẹni tó bá lè san án.

Àwọn tí mi ò lè bá ṣeré ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ pé ẹ fún àwọn ní fọ́tò kan ṣoṣo, àwọn á bá yín dá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn tí wọn ò rí! Wọ́n fi eṣinṣin kan tí wọ́n ń pè ní Royal Coachman hàn mí, èyí tó máa ń ní àmùrè òwú pupa láàárín ìyẹ́ ọ̀kín. Bí mo ṣe yí i, àmùrè pòórá, ìwọ̀ sì hu ẹnu méjì. Ẹni tó bá fi ìyẹn ta ọjà, irọ́ ló tà. Àǹfààní kan ṣoṣo tí fọ́tò tó ń yí ní ni pé kò sí ibi tí àṣìṣe lè sá sí.

Kò sì sí ibi tí ìyẹ́ lè sá sí. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Ní oṣù kẹfà 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ fèrè ní Royal Academy of Music ní Lọ́ńdọ̀nù wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Tring, ìlú kan nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Natural History Museum kó awọ ẹyẹ rẹ̀ sí. Ó fọ́ fèrèsé wọlé lóru, ó kó awọ ẹyẹ 299 sínú àpótí ìrìnnà. Ọ̀gá ni nínú dídi eṣinṣin salmon, ìyẹ́ olówó iyebíye ló sì ń wá. Nínú ohun tó kó ni ẹyẹ tí Alfred Russel Wallace, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ará Bìrìtéèní, fúnra rẹ̀ kó jọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó já ìyẹ́ wọn, ó tà á fún àwọn tó ń di eṣinṣin bíi tirẹ̀. Oṣù kọkànlá ni ọlọ́pàá tó mú un. Awọ 174 péré ni wọ́n rí gbà padà lódindi, 102 péré nínú wọn ló ṣì ní ìwé pélébé lẹ́sẹ̀. Ìwé pélébé yẹn ló ń sọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ẹyẹ. Bí kò bá sí, ẹyẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún onímọ̀ mọ́. Ní 2011, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un, wọ́n sì ní kò ní lọ sẹ́wọ̀n náà bí kò bá tún ṣẹ̀. Mi ò ní sọ èrò mi nípa ìdájọ́ yẹn.

Díẹ̀ nínú ìyẹ́ yẹn ṣì lè wà lọ́wọ́ àwọn tó ń di eṣinṣin. Ẹni tó mọ ẹyẹ á wo fọ́tò mi, á fẹ̀ ẹ́, á yí i, á sì dárúkọ ẹyẹ náà. Ìyẹ́ ẹyẹ ìgbẹ́ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní jungle cock gan-an, Íńdíà kò gbà kí wọ́n kó o jáde. Èyí tí wọ́n bá sìn nílé ní Bìrìtéèní ni kí ẹ rà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé eṣinṣin wá fún mi, ẹ fi rìsíìtì ìyẹ́ sínú àpótí pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹyẹ àti ibi tí ẹ ti rà á. Bí ẹni tó tà á fún yín bá ní bàbá bàbá òun ló fi sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, kò sì ní ìwé kankan, ẹ gbé e padà fún un. Èmi ò ní yà á.