Niki Lauda

Andreas Nikolaus Lauda, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Niki Lauda (22 oṣù Kejì 1949 – 20 oṣù Karùn-ún 2019), jẹ́ awakọ̀ ìje ọmọ ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula 1 ní 1975, 1977 àti 1984, ó sì borí nínú 25 lára ìje 171 tó kópa. Àmì kan péré ló fi pàdánù ife-ẹ̀yẹ 1976. Ìdajì àmì ló fi gba ti 1984.

Ilé olówó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìje ọkọ̀ rárá. Lauda yá owó ní bánkì, ó fi ìwé ìdójútòfò ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró fún un, ó sì fi ra àyè nínú ẹgbẹ́ March. Ní 1972 kò rí àmì kankan gbà. Ó tún tọrùn bọ gbèsè kí ó tó wọ ẹgbẹ́ BRM ní 1973, àmì méjì ló sì rí níbẹ̀. Clay Regazzoni, tí wọ́n jọ ń wakọ̀ fún BRM, ló júwe rẹ̀ fún Enzo Ferrari, ẹni tó ni ẹgbẹ́ Ferrari, ìyẹn sì gbà á síṣẹ́. Owó Ferrari ló fi bọ́ lọ́wọ́ bánkì.

Ní 1974 ló kọ́kọ́ borí, ní Spain. Sùúrù rẹ̀ nídìí ìdánwò ọkọ̀ ló yà á sọ́tọ̀ ju eré sísá lọ: ohun kan ṣoṣo ló máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó lè mọ èyí tó ń fa ìṣòro gan-an. Nínú ọkọ̀ 312T tí Ferrari gbé jáde ní 1975, ìbú ni wọ́n dá àpótí gíáà sí, níwájú ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, kí ìwúwo má bàa gbá jọ sí ìdí ọkọ̀. Ẹni tó bá ti wọ dánfó láti Ìkòròdú lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀, tí wọ́n di àpò gàrí kún búùtù, mọ ohun tí wọ́n ń sá fún: iwájú á fúyẹ́, sítíárìn ò sì ní tètè gbọ́ràn. Ìje márùn-ún ni Lauda borí lọ́dún náà.

Kí ìje ilẹ̀ Jámánì tó wáyé ní 1 oṣù Kẹjọ 1976, Lauda rọ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má lọ sí Nürburgring. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ gùn tó kìlómítà 22.8 láàárín igbó, àwọn panápaná kò sì lè wà níbi gbogbo. Wọ́n dìbò, ó fìdí rẹmi. Ní ìyípo kejì, ọkọ̀ rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ó forí sọ òkìtì, ó sì gbiná. Wọ́n fura pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló bàjẹ́. Àṣíborí rẹ̀ bọ́ nítorí pé kò bá orí rẹ̀ mu dáadáa. (Àwọn ọlọ́kadà Ìkòròdú tó ń gbé àṣíborí lérí láì de okùn rẹ̀, ewu kan náà ni wọ́n ń gbé kiri.) Arturo Merzario ló tú bẹ́líìtì rẹ̀, òun àti awakọ̀ mẹ́ta mìíràn ló sì yọ ọ́ nínú iná. Èéfín gbígbóná tó fà sínú ẹ̀dọ̀fóró burú ju ara tó jó lọ, débi pé àlùfáà ti gbàdúrà ìkẹyìn fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ 42, ó wakọ̀ ní Monza, ó sì ṣe ipò kẹrin.

Ó kù ìje kan ṣoṣo, ní Fuji ní Japan: Lauda ní àmì 68, James Hunt tí wọ́n jọ ń du ife-ẹ̀yẹ náà ní 65. Òjò dà wìì. Bí omi bá dúró lójú títì, táyà tó ń sáré kì í ráyè lé e jáde; orí omi ló máa gùn, bíréèkì àti sítíárìn ò sì ní rí nǹkan dì mú. Àwọn awakọ̀ gáréèjì Sábó mọ èyí ní oṣù Kẹfà, àmọ́ eré tiwọn kò tó ìdajì ti Fuji. Ìpéǹpéjú Lauda tí iná ti jó kò sì jẹ́ kó lè ṣẹ́jú dáadáa. Ó yí ìyípo méjì, ó sì dúró. Wọ́n ní kó sọ pé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́, ó kọ̀. Hunt ṣe ipò kẹta, ó gba àmì mẹ́rin, ó di 69.

Lauda gba ife-ẹ̀yẹ 1977, ó sì fi Ferrari sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ní ẹgbẹ́ Brabham, ó fi ọkọ̀ tí fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ jáde, kí ọkọ̀ lè lẹ̀ mọ́lẹ̀, borí ní Sweden ní 1978; wọn kò lo ọkọ̀ náà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àmì mẹ́rin ló rí ní 1979. Ó fi eré sílẹ̀ láàárín ìdánrawò ní Canada, ó lọ ń bójú tó iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, Lauda Air.

Ó padà dé ní 1982 pẹ̀lú McLaren, ó sì borí nínú ìje kẹta tó ṣe. Ní 1984, Alain Prost tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ yá ju Lauda lọ: Prost borí ní ìgbà méje, Lauda ní ìgbà márùn-ún. Òfin ọdún náà fi epo mọ sí lítà 220, kò sì sí àtúnrọ láàárín ìje. Lauda kò bá Prost du ipò iwájú mọ́ ní ọjọ́ ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ipò tí awakọ̀ máa ti bẹ̀rẹ̀ ìje; bí ọkọ̀ ṣe máa ṣe nínú ìje gan-an ló ń tún ṣe. Òjò dá ìje Monaco dúró kí ó tó dé ìdajì, nítorí náà ìdajì àmì ni wọ́n pín: Prost tó borí gba 4.5 dípò 9. Ká ní ìje náà parí tí Prost sì ṣe ipò kejì, 6 ni ì bá gbà, ife-ẹ̀yẹ ì bá sì jẹ́ tirẹ̀. Ní Estoril, níbi ìje ìparí, ipò 11 ni Lauda ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe ipò kejì: 72 sí 71.5.

Zandvoort ní 1985 ni ó ti borí kẹ́yìn. Ní 26 oṣù Karùn-ún 1991, ọkọ̀ òfuurufú Lauda Air kan já ní Thailand, èèyàn 223 sì kú. Ohun èlò tó ń dá agbára ẹ́ńjìnnì padà sẹ́yìn ló ṣí lójú òfuurufú. Láti 2012, ó jẹ́ alága tí kì í ṣe aláṣẹ fún ẹgbẹ́ Mercedes. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2018, ó sì kú ní Zurich ní ọdún tó tẹ̀ lé e.